Ohun Tó Ń Bẹ Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń fi laptop àtijọ́ wé ti òde òní, kí olówó lè mọ èyí tó yẹ owó rẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi gba iṣẹ́ náà, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, èyí tí í máa ń parí sí "ẹ fi díẹ̀ lé e" àti "ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀". Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó síwájú tí mo sì ń rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé owó tí òṣìṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣẹ́ jọ ni ó ń wọ inú àpótí pẹlẹbẹ yìí lọ, àti pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń san owó náà bí ẹni tí ó fi òru biribiri ra aṣọ òkè, tí ilẹ̀ ní láti mọ́ kí ó tó mọ̀ bóyá sányán ni òun rà tàbí ẹtù.

Òwe méjì ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Èkíní ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà; èkejì ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá gbé òwe àkọ́kọ́ dání lọ sọ́jà, àtijọ́ ni yóò rà. Ẹni tó bá gbé ìkejì dání, iyèméjì ni yóò gbé padà wálé. Òwe kẹta ni èmi gbé dání lálẹ́ òní: ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí n kì í bọ àpò ná. Nígbà tí a bá dé ibi tí yóò ti wúlò, ẹ óò rí i pé àfi bí ẹni pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti jókòó ti kọ̀ǹpútà rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Computer Village ní Ìkẹjà rí, ní òpópó Òtígbà àti àyíká rẹ̀, ẹ mọ̀ pé oríṣi ọjà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ọjà ń pè ní "London use", tí àwọn ọ́fíìsì ìlú Òyìnbó ti lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n kó dànù láti ra òmíràn, tí ọkọ̀ ojú omi sì kó wá bá wa. Ìkejì ni ti inú páálí, "tear rubber", tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dún. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, orí tábìlì kan náà ni àgbà àti ọmọdé jókòó sí, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, tí iye owó wọn sì máa ń súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí orí olùrà yóò fi dàrú.

Orí tèmi náà ti dàrú níbẹ̀ rí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìyá rẹ̀ sì ní kí n mú un lọ ra laptop, nítorí wọ́n gbà nínú ẹbí pé èmi ni ojú mi là sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A dé ìsọ̀ ọmọkùnrin kan. Ó gbé méjì kalẹ̀ níwájú wa. Èkíní dúdú, ó wúwo, ó ti há létí, ọpọlọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Core i5-3320M, tí a ṣe ní ọdún 2012. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run, inú páálí ló ti ń yọ ọ́ bọ̀, ọpọlọ inú tirẹ̀ sì ni Celeron N4020, tí ó jáde ní ìparí ọdún 2019. "Dádì," ni ọmọkùnrin náà wí, "ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èyí kò tíì ríran rí. Ìyẹn tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn, àgbà ti dé sí i." Ọmọ náà wo àwọ̀ ojú ọ̀run, ó wò mí lójú, mo sì san owó.

Ìgbà tí sáà kíní yóò fi parí, ẹkún ni ọmọ yìí ń sun sí mi létí lórí fóònù. Bí ó bá ṣí ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́, tí ó tún ṣí ibi tí ó ti ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, tí ó wá fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí Zoom, nǹkan yóò dúró gbagidi, àmì kékeré tó ń yí po yóò máa yí po, ohùn yóò máa já. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé bí ó bá ṣe ti dúdú tó há létí yẹn ni a gbé wálé, tí a sì ra bátìrì tuntun fún un, ẹjọ́ náà ì bá má dé ọ̀dọ̀ mi. Àgbà fi ọdún méje ju ọmọdé lọ, àgbà sì lágbára jù ú lọ. Ẹ̀bi ọmọ ìsọ̀ kọ́ o. Ohun tí ojú mi rí ni ó tà fún mi. Ẹ̀bi èmi ni, tí mo kí aṣọ kí n tó kí ènìyàn, tí mo sì gbàgbé láti kí ènìyàn náà rárá.

Ó wá yẹ kí a bi ara wa léèrè pé kí ló fà á. Nínú ikùn laptop kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà, tí òkúta inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Processor ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ọpọlọ, nítorí òun ni ó ń ka àṣẹ, òun ni ó ń ṣírò, òun ni ó sì ń rán gbogbo ẹ̀yà yòókù níṣẹ́. Àkọ́bí irú rẹ̀ tí a tà lọ́jà ni 4004, tí ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1971, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Busicom ti ilẹ̀ Japan bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ ohun tí yóò wà nínú ẹ̀rọ ìṣírò. Federico Faggin, Ted Hoff, Stan Mazor àti Masatoshi Shima sì ni àwọn tí wọ́n fi orí pa pọ̀ lórí rẹ̀. Tíránsísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 2,300, ìyẹn ni àwọn ìlẹ̀kùn wẹ́wẹ́ tí ń ṣí tí ń tì, kí iná lè kọjá tàbí kí ó dúró. Nígbà tí ó fi di ọdún 2020, tí Apple gbé M1 tirẹ̀ jáde, ìlẹ̀kùn bílíọ̀nù 16 ló wà nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ohun tí à ń sọ yìí, ọmọ abẹ́rẹ́ tó ru ìlú ńlá sórí ni.

Gordon Moore, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Intel sílẹ̀, ti sọ ní ọdún 1965 pé iye àwọn ìlẹ̀kùn yìí yóò máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ó tún un sọ, ó ní ọdún méjì-méjì ni. Àwọn ènìyàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ Ifá, wọ́n sì fi í dá àṣà kan sílẹ̀ pé ohun tó bá jẹ́ tuntun ni ó lágbára. Fún ọjọ́ pípẹ́, àṣà náà kò purọ́. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà ní ọdún 1995, bí ó bá di 1999, ìtìjú ni yóò fi ń lò ó. Ibi tí àṣà náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ̀tàn kíní wà nínú eré tí ọpọlọ ń sá, èyí tí wọ́n ń fi gígáhẹ́ẹ̀tì wọ̀n. Ẹ wo ìyá méjì tí wọ́n ń gúnyán. Ọmọrí odó èkíní fúyẹ́, ó ń gún un kìkì-kìkì-kìkì, òógùn bò ó. Ti èkejì wúwo, ó ń gbé e sókè pẹ̀sẹ̀, ó ń jù ú sílẹ̀ gbì, iyán rẹ̀ sì kúná kí ti ẹni àkọ́kọ́ tó dáwọ́ kókó dúró. Bí ẹ bá ka iye ìgbà tí ọmọrí odó balẹ̀ nìkan, ẹ óò gbé oríyìn fún ẹni tí kò tọ́ sí. Báyìí gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí Intel gbé Pentium 4 jáde ní ọdún 2000, tí wọ́n ń lé eré rẹ̀ sókè títí ó fi dé 3.8 gígáhẹ́ẹ̀tì, tí ooru rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kọ̀ǹpútà di àdògán. Ní ọdún 2004 wọ́n jáwọ́ nínú pé yóò dé 4. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ Intel tó wà ní ìlú Haifa ní Ísírẹ́lì ti ṣe òmíràn fún laptop, Pentium M, tí kò sá ju 1.6 gígáhẹ́ẹ̀tì lọ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ tí ó ń mú Pentium 4 tó ń sá eré jù ú lọ fíìfíì wọ ilẹ̀. Láti inú ìdílé ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́ yìí ni Core 2 Duo ti jáde ní ọdún 2006, tí àwọn Core i3, i5 àti i7 tí à ń ná lọ́jà lónìí sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí eré sísá di èèwọ̀ nítorí ooru, ohun tó kù ni kí wọ́n fi kún iye ọwọ́, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Core ni wọ́n ń pe ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ tó ní core méjì ní òṣìṣẹ́ méjì nínú ilé, èyí tó ní mẹ́rin ní mẹ́rin. Nínú àwọn mìíràn, òṣìṣẹ́ kan tún lè di iṣẹ́ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀ nígbà tí ó ń dúró de ohun tí yóò lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ṣeé pín. Bí a bá fẹ́ ro oko, ẹni mẹ́rin yóò yára ju ẹni méjì lọ. Bí ó bá ṣe orí ọmọ kan ṣoṣo ni a fẹ́ dì, ẹni mẹ́rin yóò kàn máa fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn ni. Ẹni tí ń gé fídíò, oko ni ó ń ro. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà, irun ni ó ń dì. Ìdí nìyí tí akọ̀wé kò fi mọ ìyàtọ̀ láàrin core mẹ́rin àti mẹ́wàá, tí ẹni tí ń gé fídíò ìgbéyàwó sì mọ̀ ọ́n dénú egungun.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ́ bí a ti ń ki ọpọlọ. Orúkọ lásán ni i5 tàbí i7. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló ń jẹ́ Àjàyí, oríkì ni a fi ń mọ ọmọ ẹni tí ẹnìkan í ṣe. Oríkì ọpọlọ Intel ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i5-8250U, mẹ́jọ tó ṣíwájú ni ìran rẹ̀, ìran kẹjọ. Bí ẹ bá rí i5-1235U, méjìlá ni, ìran kejìlá. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni ìṣe rẹ̀: U jẹ́ ẹlẹ́mìí pẹ̀lẹ́, nǹkan bí wáàtì 15 ni wọ́n ṣírò ooru púpọ̀ nínú wọn sí, H jẹ́ alágbára tó ń jẹun púpọ̀, nǹkan bí wáàtì 45, M ti ìgbà àtijọ́ wà láàrin, 35 ni ti i5-3320M tí a pa tì ní ìsọ̀ lọ́jọ́sí. Ẹni tó bá mọ oríkì yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi i7 dẹ́rù bà á. Core méjì péré ló wà nínú i7-7500U. Mẹ́rin ló wà nínú i5-8250U, tí a bí ní ọdún tó tẹ̀ lé ti ìṣáájú. Ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Balógun, tí àbúrò rẹ̀ tí kò joyè lè gbé ṣubú!

Níhìn-ín ni òwe mi ti àpò jáde. Ìran kẹfà dé ní ọdún 2015. Nígbà tí ìran keje tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, àwọn ọlọ́jà lu agogo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú ikùn àwọn méjèèjì wò yóò rí i pé core kan náà ni wọ́n jọ ní, ìwọ̀n ìlẹ̀kùn kan náà, òṣìṣẹ́ méjì-méjì náà nínú àwọn ẹlẹ́tà U. Yàtọ̀ sí ẹ̀yà fídíò tí n óò sọ níwájú, eré ni wọ́n kàn fi díẹ̀ kún, tí i5-6200U ń dé 2.8 gígáhẹ́ẹ̀tì, tí i5-7200U sì ń dé 3.1. Intel ti ṣèlérí pé àwọn yóò tún ìlẹ̀kùn náà ṣe kí ó kéré sí i, ìlérí náà sì fà sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni AMD, orogún Intel láti ìgbà pípẹ́, gbé Ryzen jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017, pẹ̀lú core tó pọ̀ ní owó tí kò ga. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìran kẹjọ ti laptop dé, òṣìṣẹ́ inú i5 sì di mẹ́rin lójijì, láìfi wáàtì kún ti tẹ́lẹ̀. Intel fúnra rẹ̀ sọ pé agbára rẹ̀ lè fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìran keje lọ. Bí ẹ bá wo eré rẹ̀ nìkan, ẹ̀tàn ni: 2.5 gígáhẹ́ẹ̀tì ni i5-7200U fi ń bẹ̀rẹ̀, 1.6 ni i5-8250U fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀dí yóò sì mú èyí tó kéré lágbára. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà kì í ṣe èje tó ń pariwo. Ẹ̀jọ tó rọra wọlé ni.

Ẹ̀rí kejì tún tẹ̀ lé e tí kò ti ọ̀dọ̀ Intel wá. Nígbà tí Microsoft gbé Windows 11 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọ́n pààlà sí ẹnu ọ̀nà ìran kẹjọ gan-an. Yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún, wọn kò gba ìran keje wọlé. Wọ́n sì dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé i7-7700HQ, alágbára oní-core mẹ́rin tó ń jẹ wáàtì 45, ó wà níta ní ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Celeron N4020, tó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún, jókòó sí yàrá. Ọjọ́ orí ni wọ́n bi wọ́n, wọn kò bi wọ́n ní agbára.

Ìran kẹjọ sí ìkẹwàá ńkọ́? Mo ń sọ èyí ní kíá, nítorí owó púpọ̀ ń ṣòfò níbẹ̀. i5-8250U, i5-8265U àti i5-10210U, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òṣìṣẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, eré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá bá fi owó gọbọi wọ́n ju ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ lọ lórí tábìlì, ẹ gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, kí ẹ fi èyí tó kù ra rámù, àyè tí ọpọlọ ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí.

Mo tún gbọ́dọ̀ dá Celeron láre díẹ̀, kí a má baà ní mo ń fi ìbínú sọ̀rọ̀. Inú ìdílé Atom ni ó ti wá, ìdílé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 fún kọ̀ǹpútà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, tí ìwà wọn kò ju kí wọ́n jẹ iná díẹ̀ lọ. Wáàtì 6 ni ti N4020. Ẹni tó ń ra á bí ẹni ra i5 ni ó ṣi í rà. N100 tó jáde nínú ìdílé yìí ní ọdún 2023 ti ní core mẹ́rin, wáàtì 6 náà ni, ó sì ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n tí mo dárúkọ jẹun nínú àwo kan. Ìdílé a máa yí padà.

Wáàtì tí mo ń kà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé fún àwa tí a ń gbé ibi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí bátìrì bá gba wáàtì 50 fún wákàtí kan, laptop tí gbogbo ara rẹ̀ ń jẹ wáàtì 10 yóò lò ó fún wákàtí 5, èyí tó ń jẹ 25, wákàtí 2 péré. Bí iná bá lọ lágogo méje alẹ́, èkíní yóò bá ọmọ ilé ìwé dé ọ̀gànjọ́, èkejì yóò sì ní kí bàbá rẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Owó epo bẹntiróòlù tí ó rà láti fi bọ́ àgbà tó ń jẹun yìí, wọn kì í kà á mọ́ owó tí ó fi rà á, bẹ́ẹ̀ àpò kan náà ni ó ti ń jáde. Èyí ni mo fi sọ pé ẹni tó ń gbé ibi tí ìnfátà dára, tí tábìlì rẹ̀ kì í ṣí, àgbà ọdún 2012 lè tẹ́ ẹ lọ́rùn fún iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé e ká láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ẹ má di ẹrù bẹ́ẹ̀ rù ú.

Fídíò wíwò náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, dídì ni wọ́n dì í kí ó tó rìnrìn àjò, laptop ni yóò sì tú u. Àwọn ọpọlọ kan ní ẹ̀yà kan nínú tí kò níṣẹ́ méjì ju títú u lọ. Àwọn tí kò ní irú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gbogboogbò ni yóò fi àáké àti ọkọ́ tú u, tí fáànù yóò máa hu bí ìjì. YouTube fẹ́ràn ìdì kan tí wọ́n ń pè ní VP9. Láti ìran keje ni Intel ti ní ẹ̀yà tó ń tú u láìlàágùn. Ìdì tuntun AV1, ó di ìran kọkànlá ní ọdún 2020. Ìdí nìyẹn tí àgbà tó lè ṣírò owó oṣù ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ yóò fi gbóná bí ààrò nígbà tí ọmọ kékeré bá ń fi í wo eré.

Ooru sì ni ọ̀tá àgbà. Bí ọpọlọ bá gbóná dé ààlà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà jóná, olówó yóò sì rò pé ó ti gbó. Ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń pè ní arúgbó, eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́jọ ló dí i nímú, tí ìpara tó wà láàrin ọpọlọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ sì ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọwọ́ rẹ̀, kí ó gbọn eruku, kí ó fi ìpara tuntun sí i, ẹ óò rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ ń sáré. Ohun kejì tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí ni dísìkì, àká tí laptop ń kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí. Dísìkì àtijọ́ tó ń yí bí ọlọ, nǹkan bí mẹ́gábáìtì 100 ni ó lè gbé láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD tí kò ní ohun tó ń yí nínú, èyí tó rọ̀ jù nínú wọn lè gbé 500. Ọpọlọ tó ń retí dísìkì jẹ́ alásè tí ọmọ tó rán lọ pọn omi kò tètè dé. Nínú gbogbo laptop tí a gbé wá bá mi pé ó lọ́ra, èyí tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ̀bi kò tó ìdajì.

Ní ti ọpọlọ fúnra rẹ̀, ìgbà ti kọjá. Nínú àwọn laptop ọdún 2012, púpọ̀ wà tí a lè yọ ọpọlọ rẹ̀ kí a fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò. Àwọn ti òde òní, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, èyí tí ẹ bá sì rà ni ẹ óò bá dé òpin. Mo kórìíra àṣà yìí, ṣùgbọ́n ìkórìíra mi kò yọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ inú yín ti ń wò mí pé mi ò tíì dárúkọ ọba tuntun. Mo ń bọ̀. Ìran kejìlá ti ọdún 2022 pín òṣìṣẹ́ inú ilé sí ọ̀nà méjì, àwọn alágbára díẹ̀ fún iṣẹ́ líle, àwọn onísùúrù púpọ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́; i5-1235U ní alágbára méjì àti onísùúrù mẹ́jọ. Apple ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú nínú M1, mẹ́rin àti mẹ́rin, MacBook Air tó gbé e kò sì ní fáànù rárá, síbẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó ní fáànù fi ń pariwo. Ẹni tí fídíò gígé bá ń bọ́, tàbí ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó sì ń jẹ owó dọ́là níbẹ̀, kí ó lọ ra ìwọ̀nyí láìwẹ̀yìn, nítorí wákàtí tí ó bá gbà padà lóṣù kan yóò san gbèsè rẹ̀. Aránṣọ tó fẹ́ máa kọ orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n ìdí wọn sílẹ̀, bí ó bá ra á, owó ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ni ó gbé sọnù.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má bi ọlọ́jà pé ṣé ó dára. Ẹ ní kí ó tàn án, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ ka oríkì rẹ̀ fúnra yín nínú àwòrán tó bá yọ. Ẹ ní kí ó fi fídíò sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú láìsí ṣájà, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé abẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ pè mí, i5-8250U ló gbé wálé, àwọ̀ eérú, ó há létí. Aláwọ̀ ojú ọ̀run wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń fi í ka ìròyìn, ó ní kò sí ohun tó dára tó o.

Ní tèmi, ìran kẹta ọdún 2012 ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ tí mo kà fún yín yìí, Windows 11 kò gbà á, Linux ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, lẹ́tà E orí bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti parẹ́. Bátìrì rẹ̀ kò mú nǹkan mọ́. Wáyà rẹ̀ ló gba ẹsẹ̀ àga alága kọjá lọ sára ògiri yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ dìde bi mí ní ìbéèrè má fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ.